Ojú Ìwé Kan fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi JavaScript Ya Máàpù Ìbàdàn

Báwo ni ènìyàn ṣe lè kó ìmọ̀ tó kún odidi ìwé ńlá sí ojú ìwé A4 kan ṣoṣo, kí ojú ìwé náà sì wúlò ju ìwé ńlá lọ nígbà tí ọwọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́? Ìbéèrè yìí kan gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní àyíká Bẹẹrẹ àti Mápó ní Ìbàdàn, níbi tí dátà ti ń náni lówó, tí iná sì lè lọ láàárín iṣẹ́, bébà tí a tẹ̀ tí a sì lẹ̀ mọ́ ògiri lókè tábìlì kò nílò bátìrì. Irú bébà bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè ní ìwé àwòrántí nínú orí yìí: a wò ó lẹ́ẹ̀kan, a rántí, ọwọ́ ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ ìwé àwòrántí ló kún bámúbámú fún orúkọ àṣẹ, síbẹ̀ tí kò ran ẹni tó ń wò ó lọ́wọ́. Èrò tèmi ni pé mímọ ohun tó yẹ ká yọ kúrò ló ń mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ dára. Kí èyí lè hàn kedere, ẹ jẹ́ ká mú àkójọ iṣẹ́ JavaScript kan ṣoṣo tó wà fún máàpù, Leaflet, àti iṣẹ́ kan ṣoṣo: máàpù orí fóònù tó fi Mápó, Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnkà hàn.

Iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀

JavaScript ni èdè tí Brendan Eich ṣe ní ilé-iṣẹ́ Netscape lọ́dún 1995. Ọjọ́ 10 péré ló fi ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́. Títí dòní, òun ni èdè tí búráúsà inú fóònù àti kọ̀ǹpútà ń gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi èdè yìí nìkan ya máàpù láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà kó tó rí ojútùú: bí àwòrán yóò ṣe máa tẹ̀lé ìka lójú fóònù, bí yóò ṣe súnmọ́ni nígbà tí ìka méjì bá ya ara wọn, bí ayé tó rí roboto yóò ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ lójú gíláàsì. Ẹlòmíràn ti kọ gbogbo rẹ̀. Volodymyr Agafonkin, ọmọ ilẹ̀ Ukraine, gbé Leaflet jáde ní 2011, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Irú iṣẹ́ tí ẹnìkan ti ṣe sílẹ̀ báyìí, tó dì í pọ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè pè é lórúkọ kó sì dá wọn lóhùn, ni àkójọ àṣetẹ́lẹ̀. Leaflet kò wúwo. Bí a bá fún un pọ̀ kó lè rin orí íntánẹ́ẹ̀tì kíákíá, nǹkan bí 42 kìlóbáìtì ni.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló máa tọ́ wa sọ́nà. Àṣẹ ni orúkọ iṣẹ́ tí a pè. Èròjà ni ohun tí a kó sínú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ náà. Èsì ni ohun tí àṣẹ dá padà sí wa lọ́wọ́. Nígbà tí mo bá kọ L.marker([7.38, 3.90]), marker ni àṣẹ, nọ́ńbà méjèèjì ni èròjà, èsì rẹ̀ sì ni àmì kan tí mo lè gbé sórí máàpù níbi tí nọ́ńbà yẹn tọ́ka sí, ní àgbègbè Mápó. Lẹ́tà L tó ṣáájú dà bí orúkọ ìdílé tí gbogbo àṣẹ Leaflet ń jẹ́.

Bí Ìbàdàn ṣe ń dé ojú fóònù

A kò lè yan ohun tó yẹ kó wà lórí bébà bí a kò bá mọ ohun tí àkójọ náà ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Leaflet fúnra rẹ̀ kò ní òpópónà kankan nínú, kò mọ Ìbàdàn. Ibi mìíràn ló ti ń lọ kó àwòrán wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ti OpenStreetMap, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Steve Coast dá sílẹ̀ ní 2004, tí àwọn ará ìlú káàkiri ayé, títí kan Nàìjíríà, ń fi ọwọ́ ara wọn kún.

Àwòrán yẹn kì í wá lódidi. Ní ipele ìsúnmọ́ 0, gbogbo ayé wà lórí àwòrán kékeré kan tó jẹ́ ẹyọ-àwọ̀ 256 níbùú, 256 lóròó. (Ẹyọ-àwọ̀ ni àwọn tóótòòtó aláwọ̀ tí ojú fóònù fi ń ya ohun gbogbo.) Bí a bá súnmọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, àwòrán náà pín sí mẹ́rin, bí obì àbàtà ṣe ń là sí awẹ́ mẹ́rin. Ìdí nìyí tí mo fi ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní awẹ́. Ní ìsúnmọ́ kejì, awẹ́ kọ̀ọ̀kan tún pín sí mẹ́rin, ó di 16. Nígbà tí a bá dé ipele 16, gbogbo ayé ti di awẹ́ tó lé ní bílíọ̀nù 4. Fóònù tó jẹ́ ẹyọ-àwọ̀ 360 níbùú àti 640 lóròó kò nílò ju bíi 12 lọ nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ Leaflet ni láti ṣírò èwo ni 12 yẹn, kó ránṣẹ́ lọ mú wọn, kó tò wọ́n síbi tó yẹ, kó sì lọ mú òmíràn bí ìka bá ti fa máàpù síwájú.

Láti inú èyí ni nọ́ńbà kan tó yẹ kó wà lórí bébà wa ti jáde. Níbi tí Ìbàdàn wà lórí ilẹ̀ ayé, ẹyọ-àwọ̀ kan ní ipele 13 dúró fún nǹkan bíi mítà 19 lórí ilẹ̀. Ní ipele 16, nǹkan bíi mítà 2.4 ni. Fóònù tó jẹ́ ẹyọ-àwọ̀ 360 níbùú yóò fi nǹkan bíi kìlómítà 7 hàn ní ipele 13, ìyẹn ni pé àárín ìlú àtijọ́ wọnú rẹ̀ pátá. Ní ipele 16, kò ní ju mítà 850 lọ, ẹni tó ń wò ó á sì lè rí orígun òpópónà láyìíká Mápó. Ìwé ńlá tó ṣàlàyé Leaflet yóò sọ pé ìsúnmọ́ jẹ́ nọ́ńbà. Kò ní sọ èyí tó bá Ìbàdàn mu. Ìlà méjì lórí ìwé àwòrántí lè sọ ọ́: 13 fún àárín ìlú, 16 fún àdúgbò.

Ìdí tí orí fi nílò bébà

Ní 1956, onímọ̀ ìṣesí-ọpọlọ ará Amẹ́ríkà kan, George Miller, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tó gbajúmọ̀ gan-an. Ó sọ níbẹ̀ pé ohun tí ènìyàn lè gbé lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà, láì kọ ọ́ sílẹ̀, kò ju bíi 7 lọ, kó lé méjì tàbí kó dín méjì. Ní 2001, Nelson Cowan tún ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì ní ó sún mọ́ 4. Ohun tí àwọn méjèèjì ń kà ni ìdì, kì í ṣe lẹ́tà tàbí nọ́ńbà lásán. Fún ọmọ Ìbàdàn, Bẹ́yẹrúnkà jẹ́ ìdì kan ṣoṣo. Fún àjèjì tí kò gbọ́ ọ rí, lẹ́tà 9 ni, kò sì ní pẹ́ kí wọ́n tó jábọ́ lórí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ máàpù lọ́wọ́ ti gbé ìdì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́kàn: ohun tó fẹ́ ṣe, ibi tó dé, orúkọ tó fún máàpù rẹ̀, àṣìṣe tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Bó bá tún ní láti rántí bóyá ọ̀rọ̀ ṣáájú ibi tàbí ibi ṣáájú ọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú ìdì yẹn yóò já bọ́. Bébà ògiri ń gba ẹrù yẹn lọ́rùn rẹ̀. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ó rọrùn fún ọpọlọ láti dá ohun mọ̀ nígbà tó bá rí i, ju kó fà á yọ láti inú òkùnkùn lọ. Ẹni tí kò lè rántí orúkọ àdúgbò kan yóò pariwo "òun nìyẹn!" bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà ìwé àwòrántí kò ní láti kọ́ni. Kó ṣáà ti fi ohun tí a ti kọ́ tẹ́lẹ̀ hànni lásìkò tó yẹ.

Ẹ wo ìwé tí télọ̀ fi ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjà'ba. Orúkọ oníbàárà wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni nọ́ńbà èjìká, àyà, apá, gígùn ṣòkòtò. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀ tó sọ bí a ṣe ń gán ọrùn dàńṣíkí tàbí bí a ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, nítorí ọwọ́ télọ̀ mọ ìyẹn. Gígùn apá oníbàárà nìkan ni ọgbọ́n kò lè bá a rò nígbà tí ẹni náà bá ti lọ sílé. Ó tún máa ń kọ ohun tó yàtọ̀: bí èjìká ọ̀tún bá wọlẹ̀ ju tòsì lọ, yóò kọ ọ́, nítorí bí kò bá kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ yóò gé méjèèjì bákan náà.

Irú ohun méjì yẹn náà ló yẹ kó wà lórí bébà Leaflet: ohun tí a kò lè fi ọgbọ́n orí rò, àti ibi tí ọwọ́ wa yóò ti ṣìnà bí a bá tẹ̀lé ohun tó ti mọ́ wa lára. Ohun tó bá ń tẹ̀lé ìlànà, ẹ kọ ìlànà náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ìlà kan tó bí ọmọ púpọ̀

Ìlànà Leaflet nìyí, ìlà kan ni:

L.ohun(ibi, àṣàyàn).addTo(ilu)

Ilu ni orúkọ tí mo fún máàpù mi. Bí mo bá fi marker sí ipò "ohun", mo ní àmì. Circle fún mi ní òbìrí, polyline ní ìlà bí òpópónà, polygon ní ààlà tó yí agboolé tàbí ọjà ká. Òpópónà àti ààlà ń fẹ́ àkójọ ibi púpọ̀, àmì àti òbìrí ń fẹ́ ibi kan. Àṣàyàn ni àwọ̀, ìnípọn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A lè fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ka ìlà yẹn yé kò nílò ìlà mẹ́rin mìíràn. Mo ti rí bébà tó kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú àlàyé gígùn, débi pé kò sí àyè mọ́ fún ohun tó ń ṣòro.

Àmì ìdánudúró tó so àṣẹ pọ̀ mọ́ àṣẹ ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí addTo bá parí iṣẹ́, àmì tí a gbé sórí máàpù gan-an ló dá padà sí wa lọ́wọ́. Nítorí náà a tún lè so àṣẹ mìíràn mọ́ ọn: bindPopup("Gbọ̀ngàn Mápó, 1929") yóò kọ ọ̀rọ̀ tó ń yọ nígbà tí ìka bá kan àmì, openPopup yóò sì ṣí i lójú ẹsẹ̀. Ìdí tí ìsopọ̀ yìí fi ṣeé ṣe ni pé èsì ìkíní di ẹni tí ìkejì ń bá sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àṣẹ ló ń dá ohun tí a pè é lé lórí padà. getZoom ń dá nọ́ńbà padà, nọ́ńbà kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ addTo. Fún ìdí yìí, bí àyè bá kù fún ohun kan péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àṣẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ èsì rẹ̀ síbẹ̀. Èmi gbà pé ó ṣe pàtàkì ju àlàyé ohun tí àṣẹ náà ń ṣe lọ, nítorí orúkọ àṣẹ ti sọ ìdajì ìyẹn.

Mápó nínú òkun

Ibi tí ọwọ́ ti ń ṣìnà ló yẹ kó gba àyè jùlọ lórí bébà. Ìbú ni nọ́ńbà tó sọ bí a ṣe jìnnà tó sí agbedeméjì ayé, sí àríwá tàbí gúúsù. Òòró ló sọ bí a ṣe jìnnà tó sí Greenwich ní London, sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Ìbú Mápó súnmọ́ 7.38, òòró rẹ̀ súnmọ́ 3.90. Leaflet ń fẹ́ ìbú ṣáájú. Bí ọwọ́ bá ṣì í, tí a kọ òòró ṣáájú, Leaflet kò ní sọ pé àṣìṣe wà, nítorí nọ́ńbà méjèèjì bá ayé mu. Yóò kàn gbé Mápó lọ sínú omi òkun ní gúúsù etíkun Bonny àti Opobo. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí àwọ̀ búlúù nìkan lójú fóònù, á rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni.

Ó burú díẹ̀ sí i: GeoJSON, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà tọ́jú ibi àti ààlà sínú fáìlì, fi òòró ṣáájú. Ìlànà tí wọ́n tẹ̀ jáde fún un ní 2016 sọ bẹ́ẹ̀. Àṣẹ L.geoJSON mọ èyí, ó ń yí wọn padà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà lórí bébà kò gùn: "Ìbú ṣáájú níbi gbogbo. Nínú fáìlì GeoJSON nìkan ni òòró ti ń ṣáájú."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iye nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì ìdá. Nọ́ńbà méjì, bíi 7.38, lè ṣìnà dé àyè tó tó kìlómítà kan. Nínú ìlú àtijọ́ tí agboolé fara kan agboolé, ìyẹn lè gbé àmì ọjà dé àdúgbò mìíràn. Nọ́ńbà mẹ́rin ń mú wa dé nǹkan bíi mítà 11. Ẹ kọ "mẹ́rin, ó kéré tán" síbẹ̀.

Ohun tó wá jẹ́ tiwa gan-an ni orúkọ Ọjà'ba. JavaScript ń fi àmì kan náà ṣí ọ̀rọ̀, òun náà ló sì fi ń pa á dé. Bí mo bá fi àmì ẹlẹ́yọ kan ṣí i, 'Ọjà'ba', ẹ̀rọ yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí lẹ́yìn Ọjà. "Ba" tó kù kò ní ilé. Nítorí èyí, gbogbo ètò tó wà nínú fáìlì yẹn yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìlà yẹn nìkan, torí pé búráúsà ń ka fáìlì tán kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àmì ẹlẹ́yọ méjì ló ń gbà á là: "Ọjà'ba". Ohun tó ń da orí rú ni pé nígbà mìíràn orúkọ kan náà yóò ṣiṣẹ́ láàárín àmì ẹlẹ́yọ kan, bó bá jẹ́ pé láti inú ìwé tí a tẹ̀ ni a ti dà á kọ. Àmì tó tẹ̀ kọrọdọ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó dúró ṣánṣán, bó tilẹ̀ jọ ọ́ lójú wa. Ẹni tó bá sì da ètò kọ láti inú WhatsApp lè bá ìṣòro òdì kejì pàdé: àmì kọrọdọ ló wà níbi tí ti ṣánṣán yẹ kó wà, ètò á sì kú. Kò sí ìwé àwòrántí láti òkè òkun tó máa rántí Ọjà'ba fún wa. Àwa la ní láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn yòókù kò gba àlàyé gígùn. Bí a kò bá sọ bí àyè máàpù ṣe ga tó, gíga rẹ̀ yóò jẹ́ òfo, ojú fóònù á funfun báláú. Bí a bá gbàgbé fáìlì leaflet.css, awẹ́ yóò fọ́n káàkiri. Radius nínú circle jẹ́ mítà lórí ilẹ̀; nínú circleMarker, ẹyọ-àwọ̀ lójú fóònù ni. Bí ìlà tó ń sọ pé lẹ́tà inú fáìlì jẹ́ UTF-8 kò bá sí lókè, ẹ àti ọ lè di ìdàkudà. bindpopup tí kò ní P ńlá jẹ́ àjèjì sí Leaflet.

Bí a ṣe ń tò ó

Ìwé ńlá Leaflet to àṣẹ sábẹ́ orúkọ wọn. Ìyẹn dára fún ẹni tó ti mọ orúkọ. Ẹni tó ń wo ògiri kò mọ orúkọ. Ìbéèrè ló ní lọ́kàn. Nítorí náà, ẹ fi ìbéèrè ṣe orí-ọ̀rọ̀, ní èdè tí ẹ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀: Báwo ni mo ṣe fi àmì síbẹ̀? Báwo ni mo ṣe mọ ibi tí ìka kàn? Kí ló dé tí n kò rí ìlú lórí máàpù mi? Lábẹ́ ìbéèrè kejì, ilu.on pẹ̀lú click ni ìdáhùn, ibi tí ìka kàn sì wà nínú latlng. Lábẹ́ ìkẹta, ohun mẹ́ta tó máa ń fà á: gíga, ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìbú àti òòró, nẹ́tíwọ̀kì, ní títò yẹn, nítorí èyí tó rọrùn láti wò ló yẹ kó ṣáájú.

Fótòkópì Bẹẹrẹ dúdú àti funfun ló wọ́pọ̀, nítorí náà ẹ má fi àwọ̀ sọ ohunkóhun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀. Ẹ fi lẹ́tà tó nípọn tàbí ìlà àpótí ya ewu sọ́tọ̀. Fún àṣẹ, ẹ lo irú lẹ́tà tí l kékeré, I ńlá àti 1 ti yàtọ̀ síra gedegbe. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ fún ẹlòmíràn tó ń kọ́ iṣẹ́ náà, kí ẹ jókòó tì í láì sọ̀rọ̀ nígbà tó ń lò ó. Gbogbo ibi tó bá ti kúrò lórí bébà lọ wá ìdáhùn síbòmíràn ni àlàfo. Gbogbo ìlà tí kò wò rárá ni ẹ lè yọ.

Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà sókè: Leaflet 1.9. Ní 2025, ẹ̀dà ìdánwò Leaflet 2.0 jáde, ó sì mú L kúrò: ohun tó jẹ́ L.marker di new Marker. Bébà tí kò ní nọ́ńbà ẹ̀dà yóò máa tan ènìyàn jẹ láìmọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń dámọ̀ràn pé kí ẹ pín bébà sí méjì níbùú. Ìlànà àti orúkọ àṣẹ wà ní ìdajì òkè. Ìbú àti òòró, iye mítà nínú ẹyọ-àwọ̀, nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn àmì ìdá, àti Ọjà'ba wà ní ìdajì ìsàlẹ̀. Bí ẹ̀dà tuntun bá dé, ìdajì òkè nìkan lẹ máa tún tẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ bo ti àtijọ́ lórí ògiri.